Ọ̀nà Ni A Ń Wò Kí A Tó Yan Àpò

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Ká ní àwọn àgbà tí wọ́n pa òwe yìí bá wa dúró ní Erinje, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ní ìdájí ọjọ́ kan tí ìrì ṣì ń kán lára imọ̀ ọ̀pẹ, tí wọ́n sì rí ẹni tí ń lọ sí Èkó lọ jẹ́ ìpè iṣẹ́, wọn ì bá fi kún un pé wákàtí kan pàápàá kì í rí bí èkejì fún ẹni tí ó ru ẹrù. Ẹ̀yìn ọ̀kadà ni ẹni náà yóò kọ́kọ́ gùn dé Òkìtìpupa, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì gbọdọ̀ ṣófo láti di irin mú, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ ni àpò yóò wà. Nínú bọ́ọ̀sì tí ń lọ sí Òrè, tí wọ́n to èrò sí bí ẹja inú agbọ̀n, orí itan ni àpò yóò sún sí. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Òrè, ìlú tí ogun abẹ́lé 1967 sọ orúkọ rẹ̀ di ohun tí tọmọdé tàgbà ń dá, tí ó ń la àárín àwọn olùtà búrẹ́dì àti èrò tí ń sáré kiri kọjá láti wá ọkọ̀ Èkó, yóò yí àpò sí ìhà kí ojú rẹ̀ lè máa tó sípù. Nígbà tí ó bá sì dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì tí wọ́n pè é sí, ọwọ́ ni yóò fi mú un, ní ìmúra ẹni tí ilé rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀. Ènìyàn kan ni, ọ̀nà kan ni, ẹrù kan ni, ṣùgbọ́n ìgbé rẹ̀ di mẹ́rin.

Àpò tí ó lè jẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìjẹ́ pé a tú ẹrù inú rẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì tún lè gbé ìwé àti oúnjẹ ọ̀sán lọ sí ibi iṣẹ́ nígbà tí àjò bá parí, òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, bí a ti ń mọ̀ ọ́n, bí a ti ń dán an wò, àti bí a ti ń yàn án. N ó máa pè é ní àpò aparadà, nítorí pé bí agẹmọ ti ń pa àwọ̀ dà, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń para dà láti bá ibi tí a gbé e dé mu.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀ràn àpò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá wa. Àwọn baba wa ka àpò sí tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ fi wọ inú ìṣirò wa: ọ̀kẹ́ ni àpò ńlá tí wọ́n ń kó owó ẹyọ sí, ọ̀kẹ́ kan sì ń gba ẹyọ 20,000, ìdí nìyí tí a fi ń pe 1,000,000 ní àádọ́ta ọ̀kẹ́ títí di òní olónìí. Nígbà tí owó òyìnbó dé, £100 ni a sọ ní àpò kan. Nígbà tí náírà sì gba ipò pọ́n-ùn ní 1973, tí pọ́n-ùn kan di náírà méjì, àpò kan di ₦200, àwọn ìyá wa ní ọjà kò sì yé fi àpò ṣírò. Àwọn onísàngó ní làbà, àpò awọ tí a ṣe ọnà aláràbarà sí lójú, tí okùn rẹ̀ gùn tó èjìká, ibẹ̀ ni ẹdùn àrá ń gbé. Ọdẹ ní àpò tirẹ̀, tí ó gbé kọ́rùn fa ìhà, kí ọwọ́ méjèèjì lè wà fún ìbọn. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí tí a rán kí a tó wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tí yóò gbé e àti irú ọ̀nà tí yóò tọ̀.

Èyí tí ó súnmọ́ ìgbà tiwa jù ni Gánà-mọ́ọ̀sì-gò. Ní January 1983, ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú fi Nàìjíríà sílẹ̀. Ọmọ Gánà ni ó pọ̀ jù nínú wọn, iye wọn lé ní àádọ́ta ọ̀kẹ́ kan, inú àpò onílà pupa àti búlúù yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kó dúkìá sí, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ọdún mẹ́tàlá àti díẹ̀ kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ní November 1969, ìjọba Busia ní Gánà ti pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, tí àwọn oníṣòwò Yorùbá tí wọ́n ti fi ibẹ̀ ṣe ilé di ẹrù wọn wá sílé pẹ̀lú omijé. Mo mẹ́nu kan ìtàn yìí nítorí pé àpò náà jọ ìdí tí a fi mọ̀ ọ́n: àpò ẹni tí a ń lé ni. Ó ń gbé ohun gbogbo mì, ó fẹ́ẹ́rẹ́, a sì lè ká a mọ́ abẹ́ ìrọ̀rí bí a bá tú u tán. Ṣùgbọ́n kò ní okùn ẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ ń ge àtẹ́lẹwọ́, bí a bá sì gbé e wọ ọ́fíìsì, a ti sọ̀rọ̀ kí a tó la ẹnu. Ẹni tí a kò lé, tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àpò mìíràn ni ó tọ́ sí i.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn tí ń ṣe àpò aparadà máa ń gbà mú un para dà. Ti àkọ́kọ́, okùn ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì ń sùn sínú ihò pẹlẹbẹ kan tí sípù tì; bí a bá fẹ́ pọ̀n ọ́n, a ó ṣí sípù náà, a ó fa okùn jáde, a ó sì fi ìkọ́ wọn kọ́ òrùka tí ó wà nísàlẹ̀; bí a bá dé ibi tí ó yẹ kí a fi ọwọ́ mú un, a ó dá okùn padà sínú ihò, ojú àpò yóò sì dán gbọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò gun ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni rí. Ti èkejì, okùn gígùn kan ṣoṣo ni ó ń gba inú òrùka orí àpò kọjá: bí a bá fà á sókè láti àárín, ó di okùn èjìká kan, bí a bá fà á sí ọ̀tún àti òsì, ó di méjì, a sì lè pọ̀n ọ́n. Irú èyí ni ó wọ́pọ̀ lára báàgì awọ tí àwọn obìnrin ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Ti ẹ̀kẹta, ìkùn àpò ni ó ń wú: sípù kan yí i ká bí ìgbánú, tí a bá ṣí i, àyè yóò fi ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ sí i, tí a bá pa á dé, ó tún padà sí tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn mìíràn da méjì nínú mẹ́ta pọ̀ sára àpò kan.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo, àpò tí ó sì ní òun lè jẹ́ ohun mẹ́fà kì í sábà jẹ́ ọ̀kan dáadáa. Nítorí náà, kí a tó náwó, ẹ jẹ́ kí a mọ èwo ni ìyálé nínú àwọn ìgbé náà, èwo sì ni ìyàwó. Ẹ ka ọjọ́ méje lórí ìka: ọjọ́ mélòó ni ẹ ń gun ọ̀kadà, mélòó ni ẹ ń fi ẹsẹ̀ rìn, mélòó ni ẹ ń jókòó níwájú ọ̀gá? Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Olúṣẹ́gun Àgàgù tí ó wà ní Òkìtìpupa, tí ń wá sílé ní Erinje ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ̀yìn ni ìyálé fún un. Okùn ẹ̀yìn ni kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ó fi ọwọ́ báàgì ṣe ìkejì. Olùkọ́ tàbí akọ̀wé tí ń lọ sí Àkúrẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ọwọ́ àti èjìká ni ìyálé tirẹ̀. Kí ó wá àpò tí ìrísí rẹ̀ bá agbádá àti kóòtù mu, tí okùn ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ ọjọ́ ìṣòro. Bí a bá ti mọ ìyálé, ariwo olùtà kò ní ṣì wá lọ́nà mọ́.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà ni kí a wò. Òjò kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀; láti oṣù kẹta títí dé oṣù kọkànlá, ẹni tí ó bá jáde láìronú nípa rẹ̀ kò lè pe ara rẹ̀ ní ọlọ́gbọ́n. Nígbà tí Bernard Sadow, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ ní 1972 lórí àpótí oníkẹ̀kẹ́ tí ó ṣe, ilẹ̀ dídán pápákọ̀ òfuurufú ni ó ní lọ́kàn. Kẹ̀kẹ́ kékeré náà kò mọ ẹrẹ̀ pupa, kò mọ kòtò, kò sì mọ òkúta wẹ́wẹ́. Lórí ọ̀nà tí òjò ti gbá, òun ni a óò máa gbé dípò kí ó máa gbé wa, ó sì ti gba àyè àti ìwọ̀n tí aṣọ ì bá gbà. Ẹni tí ìdajì ìrìn rẹ̀ bá wà lórí ilẹ̀ dídán ni kí ó ra oníkẹ̀kẹ́.

Ọ̀kadà ní òfin tirẹ̀. Okùn tí ó bá ń fì lẹ́yìn àpò lè kó sínú táyà tàbí ṣéènì, nítorí náà àpò tí kò ní ibi tí a óò ti ìdí okùn bọ̀ kò yẹ fún ẹni tí ń gun ọ̀kadà lójoojúmọ́. Ọ̀nà omi ní òfin tirẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ń ti Igbókòdá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí àwọn ìlú Ìlàjẹ létí òkun, kí ó má ṣe fi okùn àyà de àpò mọ́ra. Èjìká kan ni kí ó fi kọ́ ọ, kí ó bàa lè jù ú nù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí ọkọ̀ bá dojú dé. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ibẹ̀ sì ń mú irin dípẹtà, èyí tí ó mú kí sípù àti ìkọ́ oníke wúlò ju ti irin lọ fún èrò ọ̀nà náà.

Wàyí o, báwo ni ó ti yẹ kí àpò tóbi tó? Lítà ni wọ́n fi ń wọn inú àpò, lítà kò sì ṣàjèjì sí ilẹ̀ ọ̀pẹ. Gbogbo wa ni a mọ kẹ́ẹ̀gì epo pupa lítà 25. Àpò tí inú rẹ̀ bá gba tó kẹ́ẹ̀gì kan yìí tó fún ìwé, kọ̀ǹpútà alágbèéká, agboòrùn àti abọ́ oúnjẹ, tí í ṣe ẹrù ojoojúmọ́. Èyí tí ó gba kẹ́ẹ̀gì kan àti ààbọ̀, ìyẹn bíi lítà 35 sí 40, tó fún aṣọ ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Bí a bá fẹ́ kí àpò kan ṣe iṣẹ́ méjèèjì, àárín wọn ni kí a mú, bíi lítà 30, pẹ̀lú ìkùn tí ó lè wú. Àpò tí ó tóbi jù kì í pẹ́ kún, nítorí pé àyè tí ó ṣófo ni ó ń bẹ ènìyàn kí ó fi nǹkan kún un, títí èjìká yóò fi máa sunkún.

Ẹni tí yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí ó mọ̀ pé IATA, àjọ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú àgbáyé, dábàá pé kí àpò àgbéwọkọ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà 56 ní gíga, 45 ní ìbú, 25 ní nínípọn, àti pé ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀; ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò fẹ́ kí ó wúwo ju kílò 7 lọ. Bí àpò fúnra rẹ̀ bá ti wọn kílò 2 lófo, kílò 5 péré ni ó kù fún ẹni tí ó ni ín. Nípa ti ọmọdé, àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà dá a lámọ̀ràn pé kí àpò ìwé má wúwo ju ìdá mẹ́wàá sí ogún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara ọmọ náà lọ, kí àwa òbí fi èyí sọ́kàn.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àpò rí lórí àtẹ. Aṣọ tí wọ́n fi ṣe é ni kí a kọ́kọ́ bi léèrè. Nọ́ńbà kan máa ń wà lára ìwé pélébé rẹ̀ tí lẹ́tà D ń tẹ̀lé, bíi 600D tàbí 1000D. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni ìwọ̀n gíráàmù òwú náà bí a bá na 9,000 mítà rẹ̀. Bí nọ́ńbà bá ti ga tó ni òwú nípọn tó, ṣùgbọ́n náílọ́ọ̀nù, tí Wallace Carothers àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní 1935, máa ń gba fífà àti fífi ha ju pọ́lísítà lọ bí nọ́ńbà wọn bá dọ́gba. Ẹ yí inú àpò síta: bí ó bá ń dán bí ẹni pé a fi rọ́bà tẹ́ ẹ, ó lè lé òjò díẹ̀. Ẹ kán omi sí i lójú. Bí omi bá dúró bí ìlẹ̀kẹ̀, ó dára. Bí ó bá mu ún, ẹ mọ̀ pé ìwé ẹ̀rí yín yóò mu ún pẹ̀lú.

Ojú abẹ́rẹ́ ni ó kàn. Ẹ wo ibi tí okùn ti wọ ara àpò, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ẹrù ń gbé rọ̀. Aránṣọ tí ó mọ iṣẹ́ yóò rán an ní àpótí mẹ́rin-igun, yóò sì fi ìlà méjì ré ara wọn kọjá láàárín rẹ̀. Mo sọ èyí pẹ̀lú ìrírí: mo ra ọ̀kan rí tí ojú rẹ̀ wù mí, tí ẹni tí ó tà á fún mi búra pé ará ilẹ̀ òkèèrè ni, ní ìrìn kejì, lábẹ́ òjò, ní ibùdókọ̀ tí èrò kún fọ́fọ́, ìdí okùn rẹ̀ fà ya, púpurú tí ìyá mi fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi sì yí gbirigbiri sínú ẹrẹ̀, tí àwọn agbérò fi ń bá mi kó o pẹ̀lú ẹ̀rín. Ìlà mẹ́rin òwú ni ó jẹ mí ní gbèsè ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà, bí àpò bá wù mí tí ìdí okùn rẹ̀ kò sì dá mi lójú, ọ̀dọ̀ aránbàtà ni mo ń gbé e gbà kọjá kí n tó délé, kí ó fi òwú dídì kún un.

Sípù ni ẹnu àpò, ẹnu àpò kò sì gbọdọ̀ já irọ́. Whitcomb Judson, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní 1893, fún bàtà. Gideon Sundback ni ó sì sọ ọ́ di ohun tí a mọ̀ lónìí, tí ó gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní 1917. Ẹ fà á lọ, ẹ fà á bọ̀ nígbà mẹ́wàá pẹ̀lú ẹrù nínú àpò, pàápàá ní igun, nítorí pé igun ni sípù ti ń kú. Olórí méjì ni kí ẹ yàn, kí ẹ lè fi àgádágodo kékeré so orí méjèèjì pọ̀ nínú ọkọ̀. Bí àpò bá sì ní aṣọ alẹ̀mọ́ra tí ń dún wáráwárá bí a bá ṣí i, ẹ rántí eèmọ́ tí ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò nínú oko: irú èso bẹ́ẹ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ irun ajá rẹ̀ ni George de Mestral, ará Switzerland, rí ní 1941 tí ó fi rí ọgbọ́n rẹ̀. Ó dára fún àpò inú. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ àti fọ́nrán ń di í ní eyín, ẹ má fi í ṣọ́ owó.

Ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó pọ̀n ọ́n mọ̀. Bí ìyá ti ń di ọ̀já kí ọmọ má bàa rọ̀ sílẹ̀ ní ìdí, bẹ́ẹ̀ ni àpò gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má kọjá ìbàdí, kí ohun tí ó wúwo jù sì wà nítòsí ọ̀pá ẹ̀yìn. Okùn tí ó bá tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní fóòmù yóò sọ èrò àti àpò di adìẹ tó bà lókùn, tí ara kò rọ okùn, tí ara kò rọ adìẹ. Ìbú ìka mẹ́ta kò pọ̀ jù. Èyí ni ibi tí ọ̀pọ̀ àpò aparadà ti ń já ènìyàn kulẹ̀: kí okùn lè ráyè sùn sínú ihò, wọ́n a sọ ọ́ di pẹlẹbẹ.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń lọ ra àpò ní ọjà Òkìtìpupa, ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ kó ẹrù yín gan-an dání, ìwé, bàtà kan, aṣọ méjì àti ìgò omi, kí ẹ bẹ olùtà kí ó jẹ́ kí ẹ dì í. Ẹ pọ̀n ọ́n, kí ẹ rìn dé òdìkejì àtẹ; ẹ gbé e kọ́ èjìká, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń wọ bọ́ọ̀sì; ẹ fi ọwọ́ gbé e, kí ẹ fì í díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ mú un para dà láti ìgbé kan sí èkejì, kí ẹ máa kà á lẹ́nu. Bí ẹ bá ka ọgbọ̀n tí okùn kò tíì bọ̀ sípò, ẹ rántí pé kò sí awakọ̀ Òrè tí yóò dúró de yín tó bẹ́ẹ̀: ọjọ́ kejì ni ẹ ó ti yan ìgbé kan, tí ẹ ó sì máa gbé e bẹ́ẹ̀ títí láé, owó aparadà yóò sì jóná.

Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká tuntun, kí ó má tijú òkìríkà, níbi tí a ti máa ń rí àpò tí ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́rìí ara rẹ̀. Kí ó ṣáà fi ìka ha inú rẹ̀: bí rọ́bà bá ń ṣí bí ìpẹ́, ọ̀rinrin ti jẹ ẹ́, kò sì sí bí a ṣe lè ṣe ebòlò kí ó má rùn ìgbẹ́. Lóòótọ́, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, ṣùgbọ́n ìtọ́jú wà lára owó ọbẹ̀ náà: omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ ni kí a fi fọ̀ ọ́, kí a sá a sí abẹ́ ìbòòji, kí a fi àbẹ́là pa eyín sípù bí ó bá ń kọ́, kí a sì máa fi nǹkan di ẹja yíyan tí a bá kó sínú rẹ̀ dáadáa, kí òórùn ẹja má bàa wà lára ìwé ní ọjọ́ Ajé.

Ìgbé kan ṣẹ́ kù tí àwọn tí ń ṣe àpò aparadà kò kà. Ọjọ́ kẹta pé, ẹni tí a rí ní ìdájí ti ń bọ̀ láti Èkó, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní Erinje ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé àjò kì í dùn kí onílé má rele. Kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sáré pàdé rẹ̀, tí ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tí ó sì gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wo okùn, kò wo ìkọ́, kò bèèrè ibi tí sípù wà. Ó gbé e ka orí, ó sì kọjú sí ilé. Bí ìdí àpò náà bá tẹ́jú, yóò jókòó sórí rẹ̀ pẹ́ẹ́. Bí kò bá tẹ́jú, ọmọ yóò fi ọwọ́ kan dì í mú, yóò sì máa lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ tẹ ìdí rẹ̀ wò pẹ̀lú, kí ẹ tó sanwó.